Bí ohùn klarinẹ́ẹ̀tì yín ṣe lè dùn dáadáa: èémí, ẹnu, àti ríìdì tó bá yín mu

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń fọn klarinẹ́ẹ̀tì nínú bándì ṣọ́ọ̀ṣì, nínú Boys' Brigade, àbí ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiyín tẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọ nílé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn jù ni pé "klarinẹ́ẹ̀tì mi ò dára, ti China ni, àfi kí n ra èyí tí wọ́n fi igi ṣe kí ohùn ẹ̀ tó dùn." Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Lóòótọ́, klarinẹ́ẹ̀tì onígi irú Buffet R13 tí àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹ ń lò dára gan-an, igi grenadilla tó ń wá láti Tanzania àti Mozambique ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn á gbé Yamaha oníke ti ọmọléèwé, ohùn aládùn náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹni tí ò sì tíì mọ̀ ọ́n á gbé R13, á ṣì máa han etí. Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé: èémí ni àkọ́kọ́, ẹnu àti ahọ́n tẹ̀lé e, ríìdì (ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde) pẹ̀lú mouthpiece (ibi tá a máa ń fi sẹ́nu) ló kàn, klarinẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ló kẹ́yìn. Tẹ́ẹ bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, owó lẹ máa ná, ohùn ò ní yí padà.

Nǹkan kan ṣoṣo wà tó yẹ kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò lára klarinẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni bóyá ó ń jò. Ẹ yọ apá òkè sọ́tọ̀, ẹ fi ìka dí gbogbo ihò ẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kejì dí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ẹ wá fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ láti òkè. Tó bá dì mọ́ yín lẹ́nu fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò jò. Tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé lójú ẹsẹ̀, páàdì kan, ìyẹn ìdérí rírọ̀ tó ń dí ihò, ò dé ihò ẹ̀ dáadáa, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe, torí kò sí ríìdì tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ klarinẹ́ẹ̀tì tó ń jò, wàhálà lásán lẹ máa ṣe.

Èémí

Ẹ mí sínú kí ikùn àti ẹ̀gbẹ́ yín fẹ̀, kì í ṣe kí èjìká gòkè. Ẹ wá mú bébà kékeré kan, ẹ fi sára ògiri ní ibi tó ṣe déédéé ẹnu yín, ẹ yọ ọwọ́, kẹ́ẹ fi atẹ́gùn ẹnu yín nìkan mú un dúró síbẹ̀. Bébà yẹn á já bọ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí. Irú atẹ́gùn tó mú un dúró yẹn, tó ṣe tààrà, tó yára, tí ò dáwọ́ dúró, òun ni klarinẹ́ẹ̀tì fẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni tí wọ́n bá ní kí wọ́n fọn jẹ́ẹ́jẹ́, ṣe ni wọ́n máa dẹ èémí sílẹ̀, ohùn á kú, á máa gbọ̀n. Tẹ́ẹ bá ń fọn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ dín ìwọ̀n atẹ́gùn kù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí eré ẹ̀ dín kù rárá.

Ahọ́n ló ń darí eré yẹn. Ẹ pe "ṣṣṣṣ" fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń ní kí ọmọdé dákẹ́. Ṣẹ́ẹ rí i bí ahọ́n ṣe ga lókè tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eyín òkè tó wà lẹ́yìn? Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà tẹ́ẹ bá ń fọn. Tó bá lọ sílẹ̀ bíi ìgbà tẹ́ẹ̀ ń pe "ọ́", ohùn á fẹ̀ kiri, kò ní ní ojú, nóòtì òkè á sì máa já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti sáàsófóònù bọ́ síbi klarinẹ́ẹ̀tì ló ń ní ìṣòro yìí, torí sáàsó máa ń gba ahọ́n tó wà nílẹ̀ dáadáa, klarinẹ́ẹ̀tì ò gbà.

Ẹnu

Ètè ìsàlẹ̀ á bo eyín ìsàlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe pé kẹ́ẹ ká gbogbo ẹ̀ wọnú. Eyín òkè á jókòó sórí mouthpiece. Ẹ na àgbọ̀n sísàlẹ̀ kó tẹ́, kó má kóra jọ, kẹ́ẹ wá fa igun ẹnu méjèèjì wọlé díẹ̀ kó di mouthpiece mú yí ká. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wú bẹ ò ṣe mọ̀, ẹ dúró níwájú dígí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó yẹ kí mouthpiece wọ ẹnu yín dé? Ẹ de ríìdì mọ́ ọn, ẹ mú bébà pẹlẹbẹ kan, ẹ ti bébà náà bọ àárín ríìdì àti mouthpiece láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá ti há, tí ò lè lọ mọ́, ibẹ̀ ni ríìdì ti ń kúrò lára mouthpiece, ibẹ̀ náà ló yẹ kí ètè ìsàlẹ̀ yín wà. Ẹ fi bírò fàlà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìdì kẹ́ẹ lè rántí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni mouthpiece ò wọ ẹnu wọn tó, ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi kéré tó sì há. Tó bá sì wọlé jù, á máa han gooro láìròtẹ́lẹ̀.

Klarinẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ nà síwájú bíi tọ́rọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kó dorí kọ ilẹ̀ níwájú yín, kí ẹnu ẹ̀ wà ní nǹkan bí orókún tẹ́ẹ bá jókòó, kí orí yín sì dúró ṣánṣán. Tẹ́ẹ bá tẹ orí ba, igun tó wà láàárín ẹnu yín àti mouthpiece ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an torí kì í parọ́. Ẹ yọ mouthpiece àti barrel (ọ̀pá kúkúrú tó wà lábẹ́ mouthpiece) sọ́tọ̀, ẹ kó wọn pọ̀, ẹ fọn ọ́n, kẹ́ẹ ṣí túnà, ìyẹn app tó ń sọ nóòtì tẹ́ẹ̀ ń fọn, sórí fóònù yín. Lórí klarinẹ́ẹ̀tì B♭, F♯ ló yẹ kí túnà kọ, kó sì dúró síbẹ̀ láì gbọ̀n. Tó bá ń kọ F tàbí tó tiẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n yín ti wálẹ̀ tàbí kí ètè ti dẹ̀ jù. Tó bá ń sún lọ sí G, ẹ̀ ń gé e jẹ nìyẹn. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú méjì kẹ́ẹ tó to klarinẹ́ẹ̀tì pọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nóòtì gígùn

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀, gbogbo ẹni tí ohùn ẹ̀ dùn ló sì ń ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti C ìsàlẹ̀, ìyẹn àtàǹpàkò pẹ̀lú ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì. Ẹ ṣí métrónóòmù tó ń ka ìlù sí 60, ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni pé ohùn yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ka mẹ́jọ bó ṣe ń lágbára sí i, ẹ ka mẹ́jọ bó ṣe ń padà. Ẹ máa wo túnà. Klarinẹ́ẹ̀tì máa ń lọ sílẹ̀ tẹ́ẹ bá fọn ọ́n sókè, á sì gòkè tẹ́ẹ bá fọn ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́, ó yàtọ̀ sí flute tí tiẹ̀ jẹ́ òdìkejì. Iṣẹ́ yín ni kẹ́ẹ fi ahọ́n àti èémí mú ọwọ́ túnà dúró sójú kan. Tí C bá ti dùn dáadáa, ẹ gbé ohùn yẹn sọ̀kalẹ̀ lọ sí B, A, G, títí dé E tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ má sáré, tí ohùn B ò bá tíì jọ ti C, ẹ padà sí C. Ohun tẹ́ẹ̀ ń kọ́ etí yín ni pé kí gbogbo nóòtì jẹ́ ohùn ẹnì kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di C ìsàlẹ̀ mú, kẹ́ẹ fi àtàǹpàkò òsì tẹ register key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn tó ń gbé nóòtì lọ sókè. Lára sáàsó, nóòtì tó máa jáde ni C tó wà lókè ẹ̀. Lára klarinẹ́ẹ̀tì, G ló máa jáde, ìyẹn nóòtì kejìlá, torí bí inú ẹ̀ ṣe gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí ẹnu wa sì dí i lápá kan. G yẹn gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹ yí nǹkan kan padà lẹ́nu, kẹ́ẹ má fún ètè, kẹ́ẹ má ti èémí. Tó bá kọ̀ láti jáde, tàbí tó jáde pẹ̀lú ariwo, ẹnu tẹ́ẹ fi fọn C yẹn ni ò tọ́, bí C náà bá tiẹ̀ dùn létí yín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nóòtì ìsàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́ẹ bá fi ṣe èyí sàn ju wákàtí kan skéèlì tẹ́ẹ̀ ń sá eré lé lórí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan B♭ tó wà láàárín, èyí tó máa ń jáde bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ihò kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjì níbẹ̀, òun ni ihò register key, òun náà ni ihò B♭, kò sì tóbi tó fún B♭. Ohun tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi ìka ọwọ́ ọ̀tún dí ihò ìsàlẹ̀ nígbà tí B♭ tàbí A yẹn bá ń jáde, ohùn á nípọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbìyànjú ìka oríṣiríṣi, èyí tó dùn jù máa ń yàtọ̀ láti klarinẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn.

Ríìdì

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń bínú jù nìyí, mo sì lóye wọn. Ríìdì wọ́n nísinsìnyí, páálí oní-mẹ́wàá, ẹ lè rí mẹ́ta tó dára gan-an nínú ẹ̀, mẹ́rin tó ṣeé fi kọ́ṣẹ́, ìyókù á máa ṣe ségesège. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni koríko kan tó jọ ọparun, Arundo donax lorúkọ ẹ̀, àgbègbè Var ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Nǹkan tó hù láti inú ilẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí méjì ò fi jọra. Vandoren tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ti ń ṣe é láti 1905, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀ fọn klarinẹ́ẹ̀tì ní Opera ìlú Paris, síbẹ̀ nínú páálí tiwọn náà, ẹ ṣì máa ṣà á ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lórí nọ́ńbà tó wà lára ríìdì. Nínú bándì wa, àwọn kan ti sọ ọ́ di oyè, ẹni tó ń fọn 3½ ń fojú kéré ẹni tó ń fọn 2½. Nọ́ńbà yẹn ò sọ nǹkan kan nípa bẹ́ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó. Tí páálí bá jẹ́ irú kan náà, ríìdì 2 àti ríìdì 4 ìwọ̀n kan náà ni wọ́n gé wọn sí, bí koríko yẹn ṣe le sí ni nọ́ńbà ń sọ. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan ò sì bá ti òmíràn mu, 3 ti Vandoren le ju 3 ti Rico tó wà nínú páálí olómi ọsàn lọ dáadáa.

Mouthpiece ló ń sọ nọ́ńbà tẹ́ẹ máa lò. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ríìdì àti ṣóńṣó mouthpiece. Bí àlàfo yẹn bá ṣe fẹ̀ tó ni ríìdì gbọ́dọ̀ rọ̀ tó. Vandoren 5RV Lyre, àlàfo ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílímítà 1.1 lọ, ó lè gba 3 sí 3½. B45 fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 1.2, 2½ sí 3 ló máa ń bá a mu. Yamaha 4C tó máa ń wà nínú àpótí klarinẹ́ẹ̀tì tuntun, àlàfo tiẹ̀ kéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2½, kẹ́ẹ bọ́ sí 3 tí ètè bá ti lágbára. Tówó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo, mouthpiece tó dára ni mo máa ní kẹ́ẹ rà, kì í ṣe klarinẹ́ẹ̀tì tuntun, kì í sì í ṣe ligature (ohun tó ń de ríìdì mọ́ mouthpiece) olówó ńlá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ríìdì ti le jù fún yín? Afẹ́fẹ́ ló máa pọ̀ ju ohùn lọ, ẹ ó máa gbọ́ "ṣùùù" lábẹ́ gbogbo nóòtì, ètè á tètè rẹ̀ yín, nóòtì jẹ́ẹ́jẹ́ ò ní bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e jẹ kó lè jáde. Tó bá rọ̀ jù, ohùn á máa ké yẹ̀ẹ̀, nóòtì òkè á máa wálẹ̀, tẹ́ẹ bá sì fọn ọ́n sókè, ríìdì á dì mọ́ mouthpiece, ohùn á gé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ nínú ohùn lè wá láti ètè tó jò ní igun tàbí láti èémí tó rọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fi èémí ṣíwájú. Ẹ fọn ríìdì mẹ́ta míì kẹ́ẹ tó dá ẹjọ́, tí ohùn "ṣùùù" yẹn bá wà nínú gbogbo ẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló ti ń wá.

Tẹ́ẹ bá ṣí páálí, ẹ gbé ríìdì kọ̀ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí òjìji kan láàárín ẹ̀ tó rí bíi V tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó yẹ kí ọ̀tún àti òsì ẹ̀ dọ́gba. Èèpo ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó bá pọ́n wúràwúrà, bóyá tó ní àmì búráùn kéékèèké, ó ti gbó. Èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé, wọ́n tètè gé e, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ má fọn ríìdì tuntun fún wákàtí méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi sínú omi mímọ́ díẹ̀, pure water tẹ́ẹ dà sínú ife ti tó, fún bí ìṣẹ́jú méjì, ẹ fọn ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lágbede méjì klarinẹ́ẹ̀tì, ẹ má lọ sókè, ẹ nù ún, ẹ tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ kẹta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó máa fi dúró. Ẹ ṣe mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn, kẹ́ẹ máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fọn ríìdì kan ṣoṣo títí tó máa fi kú, ètè ẹ̀ á máa tẹ̀lé ríìdì yẹn bó ṣe ń rẹ̀wẹ̀sì, ọjọ́ tó bá wá gbé tuntun, á dà bíi pé kò mọ klarinẹ́ẹ̀tì fọn mọ́.

Tẹ́ẹ bá fọn tán, ẹ fi omi ṣan ríìdì, torí itọ́ máa ń jẹ ẹ́, ẹ nù ún, ẹ fi í sínú àpò tí ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má fi sílẹ̀ lára mouthpiece. Ẹ má gba ríìdì ẹlòmíì sẹ́nu, bó ti wù kẹ́ẹ fẹ́ràn ara yín tó nínú bándì. Ẹ sì fi omi fọ ẹnu kẹ́ẹ tó fọn tẹ́ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu máltì tàbí jẹ nǹkan aládùn, ṣúgà yẹn ń lọ sára ríìdì àti páàdì ni.

Nígbà ọyẹ́, etí ríìdì á máa ká bí igbì, ohùn á máa han láìnídìí. Ẹ fi ríìdì sínú ọ̀rá tó ṣeé tì pa, pẹ̀lú fóòmù kékeré tẹ́ẹ fi omi tọ́ díẹ̀, kí fóòmù má kan ríìdì, kẹ́ẹ máa ṣí i wò kó má baà bu. Ọyẹ́ yẹn náà ló ń la klarinẹ́ẹ̀tì onígi, ẹ má gbé e síwájú fáànù tàbí ojú ẹ́síì. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ríìdì á wú, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò ní tẹ́ mọ́. Ẹ tẹ́ sáńpépà 600 sórí gíláàsì, ẹ fi ẹ̀yìn ríìdì rìn lórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìka má tẹ ṣóńṣó ẹ̀, títí ẹ̀yìn ẹ̀ á fi máa dán déédéé.

Ìdánwò tó máa sọ bóyá ríìdì lẹ̀ mọ́ mouthpiece dáadáa: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀ mouthpiece, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu. Ríìdì á dì mọ́ ọn, lẹ́yìn díẹ̀ á dún "pọ́!" Tó bá dún lójú ẹsẹ̀ tàbí tí ò dún rárá, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tó bá dún "pọ́" dáadáa àmọ́ tí ohùn ẹ̀ ṣì le, ẹ yí klarinẹ́ẹ̀tì díẹ̀ lẹ́nu kí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo máa gbọ̀n, ẹ fọn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fọn. Ẹ̀gbẹ́ tó bá ń gbà yín lágbára ló nípọn jù, ẹ fi sáńpépà yẹn fá ẹ̀gbẹ́ yẹn díẹ̀ gan-an, ẹ fọn ọ́n wò, ẹ má kan àárín ẹ̀ láéláé, ibẹ̀ ni ọkàn ríìdì wà.

Ríìdì oníke irú Légère ti Kánádà, mi ò bá àwọn tó ń lò ó jà. Ọ̀kan ṣoṣo lè wọ́n tó páálí kan, àmọ́ kò mọ ọyẹ́, kò mọ òjò, ó sì dára fún ẹni tó ń bọ́ láti sáàsó sí klarinẹ́ẹ̀tì láàárín ìsìn tàbí ẹni tó ń fọn lójú pópó nígbà ìwọ́de. Fún kíkọ́ ohùn nílé, ti koríko ni mo ṣì yàn.

Etí náà ń fẹ́ oúnjẹ. Ẹ gbọ́ àwọn ọ̀gá nínú klarinẹ́ẹ̀tì: ẹ gbọ́ Harold Wright àti Sabine Meyer, ẹ gbọ́ Martin Fröst, ẹ gbọ́ Paquito D'Rivera ọmọ Cuba, kẹ́ẹ rí i pé ohùn aládùn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wá gbé fóònù yín sí òpin yàrá kejì, kì í ṣe iwájú yín, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀. Létí ẹni tó ń fọn, ríìdì máa ń han díẹ̀ ju bó ṣe máa dún létí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, torí náà ríìdì tó rọ̀ yín lọ́kàn jù nínú yàrá lè má kọjá ìjókòó kẹta.

Lọ́jọ́ Sunday, ẹ má gbé ríìdì tuntun lọ, ẹ gbé méjì tẹ́ẹ ti mọ̀ dáadáa. Ẹ fọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ẹ tó bá kííbọ́ọ̀dù túùnù, torí klarinẹ́ẹ̀tì tútù máa ń wà nísàlẹ̀, bó ṣe ń gbóná ló ń gòkè. Tó bá ti ga ju kííbọ́ọ̀dù lọ, ẹ fa barrel jáde díẹ̀. Tó bá ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ ti barrel wọlé, ẹ fọn ọ́n kó gbóná sí i, kẹ́ẹ wo ibi tí ahọ́n wà, ẹ má fi ètè fún un sókè, ibẹ̀ ni ohùn tẹ́ẹ fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ti máa ń lọ.